Ta ló mọ igi í gbá jù? Ẹ bá mi ka nọ́ńbà àwọn agbábọ́ọ̀lù baseball

Títíṣà_Àpáta | Ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ilé-ìwé girama kan ní Àpáta níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní baseball. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, márùn-ún nínú wọn jẹ́ obìnrin. Àràárọ̀ Sátidé la máa ń pàdé. Igi méjì la ní, ìbọ̀wọ́ méje, bọ́ọ̀lù wa sì ti gbó débi pé òwú inú rẹ̀ ti ń yọjú. Mo ní ìwé ogójì ewé kan tí mo fi pẹ́ńsùlù fàlà sí. Ibẹ̀ ni mò ń kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ṣe sí nígbàkúùgbà tó bá di igi mú.

Wàhálà mi ni pé mo ń kọ ọ́, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Mo fẹ́ mọ ọmọ tó yẹ kó kọ́kọ́ gbá àti èyí tó yẹ kó kẹ́yìn. Mo ní kí n lọ wo bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi bí ìgbà tí àlejò kọ́kọ́ wọ ọjà Gbági: AB, PA, OBP, SLG, OPS, wRC+. Ojú mi ṣú.

Èyí tó wá dà mí lórí rú jù ni ti ọdún 2022. Luis Arraez tó wà ní Minnesota nígbà náà ló ṣe ipò kìíní nínú batting average ní American League, ọ̀kan nínú líìgì ńlá méjì tí wọ́n ní, .316. Aaron Judge ti New York Yankees ṣe .311. Síbẹ̀ Judge ni wọ́n gbé MVP fún, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó wúlò jù lọ lọ́dún náà. Ta ló wá mọ igi í gbá jù nínú àwọn méjèèjì? Ojú òpó wo ni kí n máa lò? Fóònù ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ o, n kò ní kọ̀ǹpútà.

Ọmọ_Agbowó | Ọjọ́ Ajé, 8:51 alẹ́

Títíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ribiribi. Ẹ̀kọ́ statistics ni mò ń kà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi tó èyí.

Baseball-Reference ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2000 ló ti wà, ọ̀fẹ́ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ agbábọ́ọ̀lù sínú àpótí tó wà lókè, ẹ ó rí tábìlì kan tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ ọdún kan. Nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ kó dúdú ju ìyókù lọ, ẹni yẹn ló ṣe ipò kìíní nínú líìgì rẹ̀ lọ́dún náà.

Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ara wa ṣe ti Arraez àti Judge, torí ẹni tí kò bá fọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà lásán ni yóò máa rí. AB ni iye ìgbà tí ẹni náà di igi mú, ẹ yọ walk àti àwọn nǹkan bíi tirẹ̀ kúrò. H, ìyẹn hit, ni iye ìgbà tó gbá a tó sì fi dé béèsì (ọ̀kan nínú àwọn ibi mẹ́rin tí wọ́n ń sá yí ká) láìjẹ́ pé ẹni tó ń ṣọ́ pápá ló ṣàṣìṣe. Ní 2022, Arraez ní AB 547, hit 173. Ẹ fi 547 pín 173, .316 nìyẹn. Judge ní AB 570, hit 177, ìyẹn .311. Ibẹ̀ ni batting average parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí.

Ẹ wá tú inú hit yẹn wò. Nínú 173 ti Arraez, home run 8 péré ló wà níbẹ̀. Nínú 177 ti Judge, 62 ni, kò sì sẹ́ni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ rí lọ́dún kan ní American League. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù tó yí gbirigbiri kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajubọ́ọ̀lù, àti ẹni tó gbá tirẹ̀ fò kọjá ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni batting average kà fún àwọn méjèèjì. SLG ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Béèsì lòun ń kà: hit lásán 1, double 2, triple 3, home run 4. Béèsì 391 ni ti Judge. Ẹ fi 570 pín in, .686. Ti Arraez jẹ́ 230. Ẹ fi 547 pín in, .420.

Walk náà ń bẹ. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ju mẹ́rin tí kò gba àyè tó yẹ kó gbà, tí onígi ò sì na igi sí i, onígi dé béèsì lọ́fẹ̀ẹ́. OBP ló ń ka ìyẹn pọ̀ mọ́ hit. Judge .425, Arraez .375. Ẹ ro OBP àti SLG pọ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní OPS nìyẹn: Judge 1.111, Arraez .795. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ lọ́dún yẹn rárá.

Bàbá_Mọ́kọ́lá | Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, mo kí yín. Boston ni mo gbé fún ọdún mẹ́tàlá kí n tó padà wálé, Fenway Park, pápá ẹgbẹ́ Boston, ni mo sì ti kọ́ eré yìí. Batting average la bá láyé, òun la fi ń mọ ọ̀gá.

Ted Williams ti Boston ṣe .406 lọ́dún 1941. Láti ìgbà náà, kò tíì sẹ́ni tó tún fi odindi sáà ṣe .400 ní American League tàbí National League. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí sáà parí, .39955 ló wà, wọn ì bá sì kà á sí .400 fún un bó bá jókòó sílé. Kò jókòó. Eré méjì ni wọ́n gbá lọ́jọ́ náà ní Philadelphia, ó gbá méjèèjì, hit 6 nínú 8. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí Títíṣà kọ́ àwọn ọmọ, kì í ṣe kí wọ́n dúró lójú kan máa retí walk. Ichiro Suzuki náà ṣe hit 262 lọ́dún 2004, 225 nínú rẹ̀ jẹ́ béèsì kan-kan. Ṣé ẹ ó ní ìyẹn ò mọ igi í gbá ni?

Ìyá_Bódìjà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá wa, ẹ kú àárọ̀, Títíṣà. Ọmọ mi tó wà ní Houston ló kó eré yìí ràn mí. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́ ní New York, aago méjìlá òru ni níbí, nítorí náà èmi àti inverter la jọ ń ṣàìsùn.

Èyí tí èmi fẹ́ràn ni Baseball Savant, ojú òpó àwọn MLB fúnra wọn, àwọn tó ni líìgì ńlá méjèèjì. Láti 2015 ni wọ́n ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní Statcast ní àwọn pápá wọn, tó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe yára tó nígbà tó kúrò lára igi àti bó ṣe gòkè tó. Bí ìyára náà bá tó máìlì 95 ní wákàtí kan, bíi kìlómítà 153, wọ́n á kà á sí hard-hit. Lójú-ewé agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí àwọn ọ̀pá tó to léra wọn, òmíràn pupa, òmíràn aláwọ̀ aró. Bó bá ṣe pupa tó ló ṣe dára tó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi tí ìṣirò kì í yé, pupa àti aró yé mi.

Ohun tó jẹ́ kó wọ̀ mí lọ́kàn nìyí. Onígi lè gbá bọ́ọ̀lù bí àrá, kí ẹni tó dúró níbẹ̀ kàn na ọwọ́ mú un. Òdo ni batting average máa kọ sí i lórúkọ. Savant á wo ìyára bọ́ọ̀lù yẹn àti bó ṣe gòkè, á ní irú rẹ̀ sábà máa ń di hit. Ẹ bá rí x kékeré níwájú BA (batting average) tàbí wOBA (èyí tó ń ka hit àti walk bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe níye lórí tó) níbẹ̀, ohun tó ń sọ ni ohun tó yẹ kó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni náà. Ojú-ewé rẹ̀ máa ń jẹ data o, Títíṣà. Lálẹ́ tí mo bá ti wo ti èèyàn mẹ́ta mẹ́rin, mo ti mọ̀ ọ́n lára.

Ọmọ_Agbowó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán

Bàbá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ojú-ewé Ted Williams ní Baseball-Reference, kí ẹ fi ìka tọ ìlà 1941 lọ sápá ọ̀tún. Walk 147 ló gbà lọ́dún náà. OBP rẹ̀ jẹ́ .553. Ìyẹn ni pé ó dé béèsì ju ìdajì ìgbà tó di igi mú lọ. Ọ̀gá tó gbá 6 nínú 8 yẹn, òun kan náà ló ń fi bọ́ọ̀lù burúkú sílẹ̀ kó kọjá.

Ohun kejì tí batting average ò lè bá wa sọ ni ìgbà tí èèyàn gbá a. Lọ́dún 1930, bí ẹ bá da gbogbo National League pọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, .303 ni wọ́n ṣe. Ní 1968, Carl Yastrzemski ṣe ipò kìíní ní American League pẹ̀lú .301. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Bàbá, Boston yín ló wà. Ṣé ọ̀gá 1968 wá kéré sí ẹni lásán 1930 ni? Rárá o. Àwọn ajubọ́ọ̀lù ló gba ìjọba lọ́dún yẹn, débi pé nígbà tó di 1969, wọ́n gé òkìtì tí ajubọ́ọ̀lù ń dúró lé kúrò ní ínṣì 15 sí 10.

Ibi tí OPS+ ti wúlò nìyẹn. Wọ́n á fi ẹni náà wé àwọn tí wọ́n jọ gbá lọ́dún kan náà, wọ́n á sì tún wo pápá tó ti ń gbá. Denver ga tó mítà 1,600 sókè òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, bọ́ọ̀lù ń fò níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ, kò sì yẹ ká fi ìyẹn yin onígi. Ẹni tó bá wà láàárín, 100 ni. FanGraphs, ojú òpó mìíràn, ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wRC+, 100 náà ló dúró lé. Ti Judge ní 2022 lé ní 200. Ìyẹn ni kí ẹ máa kọ́kọ́ wò bí ẹ bá fẹ́ fi ẹni àná wé ẹni òní.

Ẹlẹ́sẹ̀Ayọ̀_Sáńgo | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:44 ọ̀sán

Ṣé èèyàn lè fi nọ́ńbà wọ̀nyí ta tẹ́tẹ́?

Ìyá_Bódìjà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:02 ọ̀sán

Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má ṣe é. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù láyé, ìgbà tí kò gbá a pọ̀ ju ìgbà tó gbá a lọ. Fi owó rẹ jẹun.

Bàbá_Mọ́kọ́lá | Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀

Ọmọ Agbowó, mo ti lọ wò ó. 147 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ki ọkùnrin yẹn, ojú mi ò dé apá ibẹ̀ rí. O ṣeun, o ò ní ríjà Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi ohun kan kún un. Ẹ wá Josh Gibson. Èèyàn dúdú ni, Negro Leagues ló ti gbá, torí wọn ò gba aláwọ̀ dúdú láàyè láàárín àwọn òyìnbó nígbà náà. Ó kú ní oṣù kìíní 1947, ọmọ ọdún 35, oṣù mẹ́ta péré kí Jackie Robinson, aláwọ̀ dúdú tó fọ́ ìdènà náà, tó wọ pápá fún Brooklyn. Nígbà tí mo wà ní Boston, orúkọ rẹ̀ ò sí lórí ìlà àwọn ọ̀gá nínú ìwé nọ́ńbà tí mo ní. Ìtàn ẹnu la fi ń gbọ́ ọ, lẹ́nu àwọn bàbá dúdú tí wọ́n rí i.

Oṣù kejìlá 2020 ni MLB tó kéde pé líìgì méje nínú Negro Leagues, láti 1920 sí 1948, jẹ́ líìgì ńlá bíi tiwọn. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 2024, wọ́n da nọ́ńbà wọn pọ̀. Gibson ṣe .372 jálẹ̀ ayé rẹ̀ nínú eré, ó sì gun orí Ty Cobb tó ní .367. SLG rẹ̀ .718 kọjá ti Babe Ruth, .690. Àwọn kan ló jókòó ti ìwé ìròyìn àtijọ́, wọ́n ń ṣí i lójú-ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka hit àwọn tó ti kú. Ẹ lè rí iṣẹ́ náà ní ojú òpó Seamheads, ó sì ti wà ní Baseball-Reference náà. Mo tẹ orúkọ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo rí i lókè pátápátá, mo sì gbé fóònù sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

AtúnKọ̀ǹpútàṣe_Ìwó-Road | Ọjọ́rú, 10:40 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin tí data ń dà láàmú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi ń ṣe. Lókè tábìlì Baseball-Reference kọ̀ọ̀kan, ẹ lè rí ibi tí wọ́n ti lè sọ ọ́ di CSV, kí ẹ dà á sínú Excel, kí ẹ máa wò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó tún dára ju ìyẹn lọ ni Lahman database. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa gbà á sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ìlà ìgbá gbogbo agbábọ́ọ̀lù láti ọdún 1871 wà nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ Batting. Òru, nígbà tí data bá pọ̀, ni mo gba tèmi.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Mo ti jìn sí kòtò kan níbẹ̀ rí. Bí agbábọ́ọ̀lù bá kúrò ní ẹgbẹ́ kan lọ sí òmíràn láàárín sáà, ìlà méjì ni wọ́n máa kọ fún un. Arraez yìí kan náà kúrò ní Miami lọ sí San Diego ní oṣù karùn-ún 2024. Ìlà San Diego nìkan ni mo wò, mo sì bá ọ̀rẹ́ mi jiyàn lé e lórí títí tó fi fi ìlà kejì hàn mí. Ẹ ro hit pọ̀, ẹ ro AB pọ̀, kí ẹ tó pín in. Ẹ má ro batting average méjì pọ̀ kí ẹ fi 2 pín in, irọ́ ló máa pa fún yín. Nígbà tí mo rò ó bó ṣe yẹ, .314 ló jáde, òun náà ló ṣe ipò kìíní ní National League lọ́dún náà.

Títíṣà_Àpáta | Ọjọ́bọ̀, 9:18 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ṣe é. Mo gbé ìwé ogójì ewé mi sórí tábìlì lálẹ́ àná, mo tan iná sólà, mo fi fóònù ṣe ìṣirò.

Ọmọkùnrin kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Judge. Ìgbà 20 ló ti di igi mú ní sáà yìí, hit 8, kò gba walk kankan rí. Batting average .400, OBP .400. Òun ló máa ń kọ́kọ́ gbá fún wa.

Ọmọbìnrin kan sì wà, ó kéré níwọ̀n, kì í sọ̀rọ̀. Òun náà, ìgbà 20. Hit rẹ̀ 4. Mo fẹ́ ṣí ewé náà kọjá ni mo rí àmì tó-tò-tó tí mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà rẹ̀. Walk ni mo fi ń sàmì sí bẹ́ẹ̀, torí n kò kà á sí nǹkan. Mo kà wọ́n, ó jẹ́ 6. AB rẹ̀ wá di 14, batting average .286. Ṣùgbọ́n 4 àti 6 jẹ́ 10. Ìgbà 10 ló dé béèsì nínú 20. OBP .500.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi í sí ipò kẹsàn-án, ipò ẹni tó ń gbá kẹ́yìn. Mo máa ń pariwo mọ́ ọn létí pápá: “Na igi! Kí lò ń dúró wò?” Bọ́ọ̀lù ló ń wò. Òun nìkan ló ń wò ó nínú gbogbo wọn.

Ọmọ_Agbowó | Ọjọ́bọ̀, 9:47 alẹ́

Títíṣà, ara mi yá gágá bí mo ṣe ń ka èyí. Ẹ gbé e sókè. Mo kàn fẹ́ kí ẹ fi í sọ́kàn pé ìgbà 20 kéré. Ní MLB, ẹni tí yóò bá du ipò kìíní nínú batting average gbọ́dọ̀ ti di igi mú tó ìgbà 502 nínú sáà eré 162. Gift Ngoepe, ọmọ South Africa, tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Áfíríkà tó gbá nínú MLB, ṣe hit nígbà àkọ́kọ́ tó di igi mú ní oṣù kẹrin 2017. Lójú ẹsẹ̀, 1.000 ni batting average rẹ̀. Nígbà tí sáà yẹn fi parí, .222 ni. Nítorí náà, ẹ má yí ìlà àwọn ọmọ padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Walk lohun tí mo fọkàn tán jù níbẹ̀, torí ojú tó ń mọ bọ́ọ̀lù burúkú kì í sábà dédé sọnù bíi hit.

Ìyá_Bódìjà | Ọjọ́ Ẹtì, 12:50 òru

Ẹ tẹ Orimoloye sínú àpótí Baseball-Reference kí ẹ wo ohun tó máa jáde. Demi Orimoloye, Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, Kánádà ló dàgbà sí, Milwaukee Brewers sì mú un ní 2015. Kò dé MLB, àwọn líìgì kékeré ló ti gbá, ṣùgbọ́n gbogbo ìlà rẹ̀ wà níbẹ̀. Títíṣà, ẹ fi orúkọ yẹn han àwọn ọmọ. Kí wọ́n rí orúkọ Yorùbá nínú tábìlì yẹn.

Títíṣà_Àpáta | Sátidé, 1:25 ọ̀sán

A ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ká ni. Mo fi orúkọ yẹn hàn wọ́n, fóònù mi lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó sì padà wá pẹ̀lú eruku.

Mo pe ọmọbìnrin náà pé òun ló máa kọ́kọ́ gbá. Ó wo ẹ̀yìn, ó rò pé ẹlòmíràn ni mò ń pè. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni wọ́n jù sí i. Méjì gba àyè, kò na igi, mo fi ọwọ́ bo ẹnu ara mi kí n má baà pariwo. Mẹ́rin yòókù ò gba àyè, ó sì gbé igi kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó rìn lọ sí béèsì kìíní. Judge wa ló gbá ṣìkejì. Ó gbá a gba àárín àwọn méjì tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn kọjá, títí dé ìdí ọgbà, ọmọbìnrin náà sì sá láti béèsì kìíní délé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, “Sà, ṣé ẹ kọ walk mi?”

Mo kọ ọ́. Mo ti fa ìlà tuntun sí ìwé náà, BB ní ojú tirẹ̀ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ H. Ṣùgbọ́n n kò lè máa kọ̀wé kí n sì tún máa kọ́ wọn. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹni tó bá wà nítòsí Àpáta nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi di pẹ́ńsùlù mú.